Ẹ Má Fi Wáyà Bíréèkì Di Ọ̀la
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ẹ rí ọwọ́ mi tí mo fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Ọ̀pọ̀ yín ti béèrè ohun tí ó ṣe é. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́.

Ẹ mọ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń lọ gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ àwọn ará wa tí ó wà lóko. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè: táyà rẹ̀ fẹ̀, jíà rẹ̀ sì pọ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè wa yìí, ó bá ilẹ̀ mu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo rí i pé wáyà bíréèkì ẹ̀yìn ti ń já. Fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di wáyà náà. Mẹ́ta ti ta jáde, wọ́n ń gún mi níka. Mo ní, "Ó di ọjọ́ ọjà." Ọjọ́ ọjà kọjá, n kò ṣe é. Rọ́bà bíréèkì iwájú náà ti jẹ tán. Mo ní ti ẹ̀yìn ṣì ń mú un.

Ní Sátidé kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, wáyà já. Mo tẹ ti iwájú. Ríìmù tutù, kò mú un. Bí mo ti yọ sí kọ́nà, ìyá kan ń sọdá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí gọ́tà, mo sì ṣubú sínú rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi yẹ̀. Àpò ẹgbẹ́ bọ́ sínú omi, pẹ̀lú owó àti ìwé ènìyàn 19.

Ìyá náà ni ó fà mí dìde. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé kẹ̀kẹ́ yìí kò ní bíréèkì ni?" Ojú tì mí, nítorí mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Owó pé. Ìwé méjì ni omi bàjẹ́. Ìwé ńlá tí ó wà lọ́wọ́ akápò ni a fi kọ wọ́n padà.

Ní Califonia ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sáré ìdíje sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan. Ooru bíréèkì a máa jó gírísì inú rẹ̀ di èéfín, wọn a sì tún un kì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pe ọ̀nà náà ní Repack, èyíinì ni "tún un kì". Lára irú eré bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ti wá. Ìtọ́jú ti bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì dáadáa. Ẹ wo wáyà níbi tí ó ti wọ ọwọ́ bíréèkì. Ẹ wo rọ́bà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo ní àbá kan: kí ẹgbẹ́ máa ra wáyà, rọ́bà àti tíúbù lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí á máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á. Ní ti kẹ̀kẹ́ tèmi, àpò ara mi ni n ó fi tún un ṣe, kì í ṣe owó ẹgbẹ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Gbèsè tí a fi falẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, wáyà tí fọ́nrán rẹ̀ kan já, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà bàjẹ́.