Gọ́ọ̀mù Kì í Ṣe Gásíkẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Kòrópè Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Mi ní Sàngó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ máa rí i pé ohùn mi yàtọ̀ lónìí. Fóònù ni mo fi gbà á sílẹ̀, kì í ṣe máíkì tí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ọ, ẹ kú sùúrù. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí máíkì náà wà? Mo ti tà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni. Ẹ má tíì pa á o! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní mọ́tò. Èmi náà kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ ń wọ kòrópè, ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ sì ní ẹnìkan nínú ẹbí tó jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnì ló ti ń jẹun.

Nínú ẹbí tèmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Bùrọ̀dá ni mo ń pè wọ́n. Kòrópè ni wọ́n ń wà, láti abẹ́ bíríìjì Sàngó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti àwọn ọmọ Covenant University ni wọ́n ń gbé. Mọ́tò náà kò tíì di tiwọn tán. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan ni, wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí wọ́n san án tán.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí pé òórùn ọ́ìlì tó ń jóná ń yọ sí àwọn èrò lára. Ẹ rántí pé abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnì kòrópè máa ń wà. Wọ́n ní mẹkáníìkì àwọn, bàbá àgbàlagbà kan, ti wò ó, ó sì ní kí àwọn fi mọ́tò sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì láìṣiṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní pé.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo mọ ẹnìkan tí á ṣe é ní wákàtí kan." Orí fóònù ni mo ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń gbé fídíò iṣẹ́ rẹ̀ sókè. Èmi ni mo pè é, èmi ni mo san owó.

Ó dé, ó tú ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Kò yọ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò. Ó kàn fún gọ́ọ̀mù lé e lórí bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ó sì dì í padà. Ó ṣe bákan náà fún abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Wákàtí kan kò tíì pé tó fi parí. Ọ́ìlì kò jò mọ́, òórùn lọ, Bùrọ̀dá ń ṣàdúrà fún mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná ọ́ìlì pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé Tóò-géètì. Kí wọ́n tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ́ńjìnì ti ń dún kò-kò-kò. Ó ti nọ́kì.

A wọ́ mọ́tò náà lọ bá Bàbá, mẹkáníìkì tó bèèrè ọjọ́ méjì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ti múra èébú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jókòó. Wá wo ohun tí wọ́n fún ẹ́ńjìnì jẹ." Wọ́n tú abọ́ ọ́ìlì sílẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà wọ pọ́ǹpù. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ wẹ́wẹ́ ti bo ojú rẹ̀ pátá. Gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù, tó ṣẹ́ sínú nígbà tí wọ́n dì í, ló já bọ́ sínú ọ́ìlì. Pọ́ǹpù ń fà, ọ́ìlì kò gòkè, irin ń ha irin. Ọ́ìlì kún inú abọ́ o, òùngbẹ ló pa ẹ́ńjìnì!

Mo lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́dọ̀ Bàbá nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Kí tiẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ ti rí àwọn olóúnjẹ òde àríyá rí. Kí wọ́n tó dé ìkòkò ìrẹsì, wọ́n á tẹ́ nílọ́ọ̀nù tàbí fọ́ìlì sẹ́nu rẹ̀, kí ooru má bàa sá. Ìdérí àti ẹnu ìkòkò kò lè bára mu délẹ̀délẹ̀, nǹkan rírọ̀ àárín wọn ló ń dí àlàfo. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ojú irin méjì tí kì í yí ló ń wà láàárín. Síìlì ní tirẹ̀ máa ń wà níbi tí irin ti ń yí, kí ọ́ìlì má bàa tẹ̀lé irin náà jáde.

Èyí tó le jù nínú wọn ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀. Iná tó ń jó nínú sìlíńdà, omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára àti ọ́ìlì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbà kọjá. Òun nìkan ló ní kí wọ́n má pàdé. Bó bá bàjẹ́, omi rédíétọ̀ á máa dín kù láìjẹ́ pé ẹ rí i nílẹ̀, èéfín funfun á máa jáde ní sàlẹ́ńsà láìdáwọ́ dúró, tàbí kí ọ́ìlì dà bíi tíì onímílíìkì.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ: wá orísun jíjò kí o tó tú nǹkan kan. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn. Ibi tó ti ń kán sílẹ̀ lè jìnnà sí ibi tó ti ń jò. Fọ ẹ́ńjìnì, jẹ́ kó gbẹ, tan án, kí o wo ibi tó ga jù tó kọ́kọ́ tutù. Wo ihò tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí pẹ̀lú. Bí họ́ọ̀sì rẹ̀ bá dí, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì á máa ti ọ́ìlì gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì àti síìlì jáde. O lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, á tún jò.

Ìkejì: yan èyí tó bá iṣẹ́ mu. Orúkọ mọ́tò nìkan kò tó. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ni kí o mú lọ sọ́jà, ìbáà ṣe Sàngó níbí tàbí Ládípọ̀ ní Múṣin. Gbé tuntun lé àtijọ́, kí gbogbo ihò bára mu. Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti ká, tàbí ojú rẹ̀ ti ha, má gbà á.

Rọ́bà kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn. Nitrile gba ọ́ìlì àti pẹtiróòlù dáadáa, ṣùgbọ́n bí ooru bá ń kọjá nǹkan bíi 100 sí 120 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sì sán. Viton lè gba nǹkan bíi 200, ó sì wọ́n jù ú lọ. EPDM dára fún omi gbígbóná àti òróró bíréèkì, ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bá kàn án, á wú, á sì rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Bí ẹ bá ti bá síìlì tuntun tó wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàdé rí, ó lè jẹ́ pé irú rọ́bà tí kò yẹ ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ìgbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ rọ́bà àti ooru yìí ni mo rántí ohun kan tí mo ti kà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, ọkọ̀ òfurufú Challenger ti Amẹ́ríkà fọ́ lójú sánmà, ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra. Èèyàn 7 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn kú. Òrùka rọ́bà tó yẹ kó dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò ṣiṣẹ́. Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà ti mú kí rọ́bà le, kò sì lè tètè nà láti dí àlàfo. Àwọn ẹnjiníà ti kìlọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n dúró. Wọn kò dúró. Mo sọ ìtàn náà fún Bàbá. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Àwọn náà kò ní ọjọ́ méjì."

Ìkẹta: ojú irin gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì tẹ́. Ibí ni ọjọ́ méjì ń lọ sí. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ máa ń lẹ̀ típẹ́. Bàbá máa ń rẹ ẹ́, wọ́n á sì fi nǹkan tí kò le bí irin ha á díẹ̀díẹ̀, nítorí orí ẹ́ńjìnì aluminiọ̀mù tètè ń ha. Wọn kì í fi sáńpépà fá a, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì. Wọn kì í sì í fẹ́ eruku gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, nítorí asbestos wà nínú àwọn míì láyé ọjọ́un, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé irin gígùn tó tọ́ lé orí ẹ́ńjìnì, ní ìbú, ní òró, àti láti igun dé igun, wọ́n wá ń ki abẹ́ fílà gééjì bọ abẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí àlàfo bá ti kọjá nǹkan bíi 0.05 mìlímítà, kò dára mọ́. Ìyẹn sún mọ́ bí irun orí ṣe tín-ín-rín tó. Ìwé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló máa sọ iye pàtó. Ti Bùrọ̀dá ti tẹ̀. A gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́.

Ìkẹrin: dídì. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí a bá ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó má baà ká. Wọn kì í di nọ́ọ̀tì kan pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á yí gbogbo wọn ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, agbára á máa lé sí i, títí dé iye tí ìwé sọ. Sípánà kan wà tó ń ka agbára yìí, torque ni wọ́n ń pè é. Mo bi Bàbá pé ṣé ọwọ́ wọn tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ yìí kò lè mọ̀ ọ́n ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ tó ti rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọwọ́ àárọ̀." Àwọn nọ́ọ̀tì míì tún wà tó máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò wọ́n, tuntun ni kí ẹ rà.

Ìkarùn-ún: síìlì. Ètè rẹ̀ tó ní sípíríǹgì gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi tí ọ́ìlì wà. Fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ètè náà kó má baà jó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kọ́kọ́ yí. Fi páìpù tó ṣe déédéé pẹ̀lú etí rẹ̀ gbá a wọlé ní títọ́; má fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ kan. Kí o tó fi sí i, fi èékánná kan irin tó ń yí náà. Bí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ ojú rẹ̀ kòtò, tuntun náà á jò.

Gọ́ọ̀mù wá ńkọ́? Gọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀tá o. Àwọn ibì kan wà tí ìwé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, lórí irin tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ sì ka ara túúbù rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 24 kí wọ́n tó gbẹ tán. Ẹni tó bá fi í sí i ní aago mẹ́wàá tó tan ẹ́ńjìnì ní aago mọ́kànlá, ọ̀nà ló ń là fún jíjò.

Ohun kan tún kù, torí ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí ẹ́ńjìnì kòrópè. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà bá bẹ́, ariwo nìkan kọ́ ló ń jáde. Carbon monoxide wà nínú èéfín náà, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú mọ́tò tó ń dún pàù-pàù-pàù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní mọ́tò, ẹ fà ọ̀pá ọ́ìlì yọ láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tí mọ́tò sùn. Ẹ wo omi rédíétọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá o, omi gbígbóná rẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Bùrọ̀dá ti padà sójú ọ̀nà. Owó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lé wọn, ẹni tó ni mọ́tò sì fẹ́ gbà á padà. Máíkì mi ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Bùrọ̀dá ní kí n má ta á, mo tà á. Èmi ni mo yan wákàtí kan dípò ọjọ́ méjì, lórí nǹkan tí kì í ṣe tèmi.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí wa, ká gbọ́ ọ. Ẹ kí mẹkáníìkì yín fún mi. Bí ó bá sì ní kí ẹ fún òun ní ọjọ́ méjì, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó pe ẹlòmíì. Ó dàbọ̀ o.