Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Wa Mu

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ológeere, mo sì rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Láyé ìjọ́un, ẹni tó bá gun Raleigh wọ ọgbà ilé-ìwé, ọba kékeré ni. Lónìí, bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní nǹkan ti le fún yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Púpọ̀ nínú wa ti kọjá 50 ọdún. Orúnkún kò gba eré sísá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń fẹ́ kí ara máa ṣiṣẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo wa. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí kò bá ni mu lè ba orúnkún kan náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ ká mọ èyí tí a ó rà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní trekking. Kì í ṣe ti eléré ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, kì í ṣe ti orí òkè tí táyà rẹ̀ sanra. Àárín méjèèjì ló wà. Ó ń sáré lórí títì, ó ń gba ọ̀nà eléruku, ó sì ní mọ́gáàdì, iná, àti kárìà tí a lè di ẹrù sí.

Èkíní ni ìwọ̀n. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ki ìwé sáàárín ẹsẹ̀ títí yóò fi kan òkè itan, kí ẹnìkan sì wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ wá ìlọ́po rẹ̀ ní 0.66. Bí ẹ bá rí sẹ̀ǹtímítà 82, fírémù bíi 54 ni tiyín. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá fún ìṣirò, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ mi!) Ní ti ìjókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà. Ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ jù ló ń mú kí iwájú orúnkún máa dunni.

Èkejì ni gíà. Ẹni tó ń tà á á máa pariwo pé gíà 27 ni. Ẹ má gbọ́ ariwo, eyín ni kí ẹ kà. Bí eyín iwájú bá jẹ́ 26, tí tẹ̀yìn jẹ́ 36, ìyípo ẹsẹ̀ kan á gbé yín lọ bíi mítà 1.6. Bí iwájú bá jẹ́ 48, tí tẹ̀yìn jẹ́ 11, ìyípo kan náà á lé ní mítà 9. Ti kékeré yẹn ló máa gbà yín lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, pàápàá bí ẹrù bá wà lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ibí ni kí ẹ ti fiyè sí i. Wọ́n ń kọ 28 sára táyà Raleigh àtijọ́ ńlá, wọ́n ń kọ 28 sára ti trekking, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Ríìmù ti àtijọ́ jẹ́ mílímítà 635, ti trekking jẹ́ 622. Táyà ọ̀kan kò wọ èkejì láéláé. Nọ́ńbà 622 ni kí ẹ wá lára táyà, kí ó sì fẹ̀ tó mílímítà 40. Ẹ béèrè túùbù tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí fọkanáísà ẹ̀bá títì lè fún un ní afẹ́fẹ́. Bí ẹ óò bá di ẹrù, ẹ jẹ́ kí sípóòkù ẹ̀yìn jẹ́ 36.

Ẹ̀kẹrin ni bíréèkì. Èyí tó ń lo epo ń dá kẹ̀kẹ́ dúró dáadáa nínú òjò, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ lábúlé, ta ni yóò tún un ṣe? Èyí tó ń fi rọ́bà di ríìmù mú kò wọ́n, kò sì nira láti tún ṣe. Àmọ́ ó ń jẹ ríìmù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ fi yàn.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ojú ìsopọ̀ fírémù bóyá ó ti sán. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì: láti orí ìṣó kan dé ìkẹẹ̀dọ́gbọ̀n, ínṣì 12 géérégé ni tuntun. Bó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, ó ti jẹ eyín gíà náà, owó méjì lẹ óò ná.

Bí owó bá kéré, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n, táyà àti bíréèkì ṣáájú; kíkùn dídán kì í gun òkè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí gbogbo wa sì dé akoto.

 Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pé báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dín nínú wa.