Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹgbẹ́ Akọrin Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ ìlú, ní Ìpetumodù

Ẹ ní kí a wá sọ díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ akọrin ìlú, àti nípa eré orin mẹ́ta tí a ṣe láàárín ọdún tí ó kọjá. A ó sọ èyí tí ó dùn, a kò sì ní fi èyí tí ó korò pamọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni kí ènìyàn kó ara wọn jọ láti kọrin láìgba owó. Kí ilé ìwé tó dé ni àwọn obìnrin ilé ti ń lé orin, tí wọ́n sì ń gbè é, níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Nígbà tí ìsìn Ìgbàgbọ́ dé, ẹgbẹ́ akọrin ilé ìsìn dìde. Ní Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ Phillips ni ó ń tẹ dùùrù, tí ó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Krístì láti 1914 títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko ni èyí! Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti kọrin ní kékeré kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé òkè òkun. Ní 1944, Hubert Ògúndé, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré olórin fún ìjọ kan ní Èkó kí wọn lè rí owó fi kọ́ ilé ìsìn. Orin Messiah tí Handel ṣe pàápàá, tí àwọn akọrin wa fẹ́ràn, ní ìlú Dublin ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1742. Owó tí a pa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn àti àwọn tí a tì mọ́lé nítorí gbèsè. Láti ìgbà pípẹ́ wá ni ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe ìlú lóore.

Ti ìlú ni a fẹ́ kí tiwa jẹ́, kì í ṣe ti ìjọ kan. Onígbàgbọ́ wà nínú rẹ̀, Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀. Olùkọ́, oníṣòwò, aránṣọ, ọmọ ilé ìwé àti àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Dò-re-mí ni a fi kọ́ wọn. John Curwen, àlùfáà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tan ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọmọdé àti òṣìṣẹ́ tí kò lè ka ìwé orin lè bá ẹgbẹ́ kọrin. Òun náà ni a fi kọ́ àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ pàápàá a máa rí ẹni kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ tuntun tí ó yin ìlú wa sí ohùn orin Òyìnbó kan. Ìyá kan tí ń mọ ìkòkò jókòó, ó gbọ́ wa títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ìlù ta ni ẹ̀ ń yìn láti ìrọ̀lẹ́?" Ẹnu yà wá. Nígbà tí a fetí sílẹ̀ dáadáa, òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé *ìlú* ni dò mí, *ìlù* sì ni dò dò. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti gòkè, orin Òyìnbó náà kò gòkè. Ni a bá ń fi gbogbo agbára wa yin ìlù. Ọ̀gbẹ́ni Phillips kọ ìwé ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin Yorùbá ti so mọ́ ara wọn. Ṣáájú rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń fi ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu kọrin ìsìn, a sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. A ti ka nípa nǹkan wọ̀nyí, síbẹ̀ Màmá ni ó là wá lójú. Láti ọjọ́ náà, kò sí orin tuntun tí a kì í kọ́kọ́ gbé lọ sí etí rẹ̀.

Eré kìíní, ní àsìkò Àjíǹde, dára. Èkejì, nígbà tí iṣu tuntun jáde, dára jù ú lọ. Àwọn ará Ẹdúnàbọ̀n tí ó wá gbọ́ wa ní kí a wá kọ ọ́ fún àwọn náà. Ìkẹta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a ṣe ní òpin ọdún nígbà tí ìlú kún.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ wa dé láti Èkó, láti Àbújá àti láti òkè òkun. Àwọn ni wọ́n dá owó tí a fi ra aṣọ ẹgbẹ́, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní àwọn fẹ́ bá wa kọrin. Ó yẹ kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọn jókòó gbọ́ wa ní ọdún yìí. Ojú tì wá, a kò lè sọ ọ́. Aṣọ kò sì tó. Ni a bá gba aṣọ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án tí kò pa Ọjọ́bọ̀ jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a fi wọ àwọn àlejò wa. Àwọn ọ̀dọ́ náà dúró lẹ́yìn èrò, wọ́n ń wò wá.

Nígbà tí a dé orí orin kẹta, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gba ègbè kí ẹni tí ń lé e tó dákẹ́. Apá kan tẹ̀ lé wọn, apá kejì kò tẹ̀ lé wọn. Onílù dáwọ́ dúró. Gbogbo wa dákẹ́ lójú ìlú. Nígbà tí a túká, Màmá wí fún wa pé, "Tíṣà, ìkòkò tí kò gbẹ ni ẹ kó sínú iná."

Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Ìpetumodù tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. A lè rí amọ̀ tí ó dára, kí a gún un, kí a mọ ọ́n kí ó lẹ́wà. Bí ó bá wọ iná pẹ̀lú omi lára, yóò là, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì ba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Eré orin ni iná. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ibi tí a ti ń gbẹ. Kì í ṣe àìsí ohùn ni ó ń pa ẹgbẹ́ akọrin, kì í sì ṣe àìsí owó. Ìdánrawò tí a kò kà sí ni ó ń pa á.

Àwọn àlejò wa kọ́ ni a dá lẹ́bi. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, tí a kò sì sọ, ni a jẹ̀bi. Mẹ́fà nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kò tíì padà wá. Ní iwájú ìpàdé yìí, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, a ó sì lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ wọn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Èkíní: kí ìpàdé yìí bá wa fi ọwọ́ sí i pé ẹni tí kò bá wá sí ìdánrawò kò ní dúró láàárín akọrin, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe olóyè, ìbáà ṣe àwa olùkọ́ fúnra wa. Èkejì: ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, a kò lé yín. A ó máa gba ohùn orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Ẹ pe ara yín jọ níbi tí ẹ wà, kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú eré kí a lè jọ kọ ọ́. Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá tún fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ má ra aṣọ. Iná ni kí ẹ fi sí yàrá tí a ti ń pàdé, nítorí ilẹ̀ a máa ṣú mọ́ wa. Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín tètè bọ́ lọ́wọ́ ọjà ní Ọjọ́bọ̀.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ ni a ó tún bẹ̀rẹ̀, láti orí orin kẹta náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọrin, kí ó wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí ó sì mú àwọn ará ọ̀nà jíjìn padà délé ní àlàáfíà.