Ilé Ìsìn Lábẹ́ Ìkúùkù Dúdú

Bí ayàwòrán bá ya pápá, odò àti ojú ọ̀run, tí ó sì fi ilé kan sí àárín wọn, a kò gbọdọ̀ ka ilé náà sí ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé a máa sọ̀rọ̀ nínú àwòrán. Ohun tí ó yí i ká ni ó sì ń fún un ní ohùn. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ John Constable, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpẹẹrẹ.

Ní 1823, ó parí àwòrán Kàtídírà Salisbury fún Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ilé-ìṣọ́ kàtídírà yìí ṣe ṣóńṣó sókè, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 404. Ṣùgbọ́n ìkúùkù dúdú tí Constable yà sí òkè rẹ̀ kò tẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù lọ́rùn. Ojú ọ̀run tí ó mọ́ ni ó ń fẹ́. Constable gbà, ó sì ya òmíràn tí oòrùn ràn sí, èyí tí ó parí ní 1826. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù náà ti kú ní 1825.

Ní 1828, Maria aya Constable kú, ó sì fi ọmọ méje sílẹ̀. Ní àkókò náà pẹ̀lú, ìjà òṣèlú ń mi ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé Ìjọ Àǹglíkà yóò wó. Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, àlùfáà John Fisher, ìbátan Bíṣọ́ọ̀bù nì, rọ̀ ọ́ pé kí ó tún kàtídírà náà yà. Ó fi iṣẹ́ yìí hàn ní London ní 1831. Nínú rẹ̀, ìkúùkù dúdú ju ti ìṣáájú lọ, mànàmáná ń kọ lókè òrùlé, ṣóńṣó náà sì là á já sínú ìmọ́lẹ̀. Òṣùmàrè ńlá ta kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì balẹ̀ sí Leadenhall, ilé Fisher, níbi tí Constable máa ń wọ̀ sí. Fisher kú ní 1832. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì gbà pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Constable fi òṣùmàrè náà kún un.

Ẹ kíyèsí i pé ilé kan náà ni nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lábẹ́ oòrùn, ó jẹ́ ẹwà fún ojú. Lábẹ́ ìjì, ó di ẹ̀rí pé ohun kan wà tí ìbànújẹ́ kò lè wó. Bí a bá mú ìkúùkù kúrò, a mú ẹ̀rí náà kúrò pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ilé nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ wo ojú ọ̀run tí ó wà lókè rẹ̀ ná. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa yóò mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.