Ehoro, Ooru àti Ìyẹ̀fun Nánò

Mo mú ọ̀rọ̀ ehoro wá nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sìn ín lẹ́yìnkùlé, àwọn mìíràn sì ti ná owó ìfẹ̀yìntì lé e lórí. Wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní nánò ká fún àwọn olóko ehoro. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mú ọmọ ehoro dàgbà kíákíá, àbí gbájúẹ̀ lásán ni?

Kì í ṣe gbájúẹ̀. Síńkì àti sẹlẹ́níọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, èròjà tí ara ehoro nílò díẹ̀díẹ̀ láti fi dàgbà àti láti fi gbógun ti àìsàn. Wọ́n wáá ṣe é kúnná débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Ẹyọ ìyẹ̀fun yìí kì í ju 100 lọ. Ẹ to 800 irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú irun kan ṣoṣo ni. Ṣé ẹ rí i, púpọ̀ nínú síńkì tí ẹran ń jẹ ló ń yà dànù, torí ohun kan wà nínú àgbàdo àti sóyà tó máa ń dì í mú nínú ìfun. Ìrètí àwọn onímọ̀ ni pé èyí tó kúnná yóò tètè wọ ara, tí díẹ̀ á fi tó.

Ní Íjíbítì ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí yìí lórí ehoro, ìdí rẹ̀ kò sì ju ooru lọ. Ehoro kì í làágùn bíi tiwa. Etí gígùn yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí ooru bá ti kọjá digíríì 30, kò ní lè jẹun dáadáa mọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú á sì dúró sójú kan. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí mélòó kan, àwọn tó jẹ nánò dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ooru; nínú òmíràn, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ẹni tó ń tà á kì í sọ ìkejì yẹn. (Àwa oníròyìn mọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, àwa la kúkú ń gbà á sójú ìwé.)

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé, ẹ jọ̀ọ́. Sẹlẹ́níọ̀mù tó ń ṣara lóore kò jìnnà sí èyí tó ń pani. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò fẹ́ kí gbogbo èyí tó wà nínú oúnjẹ ẹran kílò kan ju mílígíráàmù 0.5 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àpò oúnjẹ kílò 25 kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 12.5 lọ. Bí ohun inú ọ̀rá yẹn bá jẹ́ sẹlẹ́níọ̀mù gidi, ṣíbí kékeré kan ṣoṣo fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Bí wọ́n bá sì ti lú u, ta ló mọ iye tó kù? Oúnjẹ tí ẹ rà lọ́jà pàápàá lè ti ní tirẹ̀ nínú kí ẹ tó bu kún un.

Síńkì náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Òkúdù 2022, Yúróòpù fòpin sí fífi síńkì ọ́kísáìdì púpọ̀ wo ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, torí pé inú ìgbẹ́ ẹran ló ń gbà lọ kó jọ sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìgbẹ́ ehoro ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ gbọ́ o.

Bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ béèrè iye mílígíráàmù tó wà nínú gíráàmù kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bí kò bá sí ìwé, ẹ fi owó yẹn ra imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù, kí omi tútù má sì wọ́n nínú àgò. Ẹni tó bá ní ìwé tó sì fẹ́ dán an wò, kó bi dókítà ẹran, kó pín àwọn ehoro rẹ̀ sí méjì, kí apá kan jẹ ẹ́, kí èkejì má jẹ ẹ́, kó sì máa gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn yóò fi tó tà.