Kí A Tó Sọ Pé Wọ́n Jí I

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, a mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ọjà bọ̀ tààrà, kò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Nítorí náà a kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, ọ̀rọ̀ bírò, agbòòrùn àti awò ojú. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, láti kékeré ni a ti ń sọ nǹkan nù. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sìléètì mẹ́ta ni bàbá wa rà fún wa ní sáà kan ṣoṣo. Bí ìyá wa bá rán wa níṣẹ́, wọn a di kọ́bọ̀ mọ́ etí aṣọ wa. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí a ó dé ọjà, tí ìdì yóò wà ṣùgbọ́n tí kọ́bọ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Nígbà tí a di ọ̀gá ilé-ìwé, a rò pé ipò yóò wo àìsàn náà sàn. Kò wò ó. Agbòòrùn tí a ti gbàgbé sínú ọkọ̀ láti Bajulaiye dé Onípáànù, bí a bá kó wọn jọ, a lè fi wọ́n ṣí ìsọ̀.

A ń fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé wa di àwátì. Ìwé ìdánwò sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tó máa ń gbá ọ́fíìsì wa láràárọ̀. A pè é. Ó ní òun kò rí kọ́kọ́rọ́. A tún bi í, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, a sì sọ nínú ọkàn wa pé ẹkún ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. A dìde, a lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá kọjú sí yàrá, balùwẹ̀ kan ni gbogbo ará ilé ń lò. Bàbá rẹ̀ nà án lójú gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò ṣú. A fa ẹ̀wù òjò wa yọ láti wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀.

A jókòó sórí ibùsùn, a kò lè dìde. Ìyàwó wa ló ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú." A lọ. Bàbá ọmọ náà fún wa ní àga, wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa tán. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ojúlé ló ti gbọ́ pé ọmọ mi jalè. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kò jalè?"

Kí ni a fẹ́ fèsì? A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn tó ń pọnmi àti àwọn tó ń dáná, a sì sọ ọ́ sókè pé àwa fúnra wa ni a fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò wa. Ojú tì wá lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò wo ojú wa. Ó padà sí ilé-ìwé o, ṣùgbọ́n kò gbá ọ́fíìsì wa mọ́ títí ó fi jáde, àwa náà kò sì lè rán an.

Ìgbà yẹn ni a tó wá bi ara wa pé kí ló ń fà á gan-an. Àwọn kan ní ayé ni. Ayé wo ni yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa gbé awò ojú wa sórí ògiri balùwẹ̀? Àwọn mìíràn ní a kò gbọ́n. Irọ́ ni èyí náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Schacter, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 2001 lórí bí iyè ènìyàn ṣe ń ṣìnà. Ó ṣàlàyé pé nígbà púpọ̀, ọkàn wa kò sí níbẹ̀ rárá nígbà tí ọwọ́ wa ń gbé nǹkan kalẹ̀. Ọwọ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ọkàn ń ro ti òjò. Ohun tí ọkàn kò gbà wọlé, báwo ni yóò ṣe rántí rẹ̀?

Kò sì yọ àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Olórin ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, Yo-Yo Ma, tó máa ń ta ohun olókùn kan bíi gòjé ńlá, tí wọ́n ń pè ní cello. Èyí tó ń lò, ọdún 1733 ni wọ́n ti ṣe é, owó rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Ní oṣù October 1999, ó gbé e sínú bútù takisí ní New York. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi tó ń lọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ! Ẹ wo ohun tó gbà á: ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ awakọ̀. Ìwé pélébé yẹn ni àwọn ọlọ́pàá fi tọpa takisí náà, wọ́n sì rí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọkọ̀ tiwa kì í fún ènìyàn ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ nọ́ńbà kà báyìí. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹrù yín bá pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò ju díẹ̀ lọ. A kan ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Kò gbọdọ̀ sùn sórí tábìlì, àní fún ìṣẹ́jú kan. Bí a bá sì gbé e kọ́, a ó fi ẹnu sọ ọ́: "Kọ́kọ́rọ́ rèé lórí ìṣó." Àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ ń fi wá rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí àwọn náà ń sọ ọ́.

Bí a bá ń jáde, a ó ka ohun tí a mú dání: fóònù, awò, kọ́kọ́rọ́, àpò owó. Mẹ́rin. Nígbà tí a bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó, ṣé ẹ mọ̀ pé a máa ń ké sí kọ̀ndọ́, "Ó wà o!"? Àwa kì í ké e lásán mọ́. Bí ẹnu bá ti ń sọ pé ó wà, ọwọ́ ń wò ó bóyá ó wà lóòótọ́, ojú yóò sì padà wo ìjókòó. Kọ̀ndọ́ lè kanra. Ẹ jẹ́ kó kanra.

Ó ku ti ìwé. Ṣómólú ni ibí yìí, ìlú àwọn atẹ̀wé; kò yẹ kí ìwé kékeré wọ́n wa. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NIN. Mọ́kànlá ni nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù báńkì yín àti ti ọmọ yín. Ilé ni kí ìwé náà máa wà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan! Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí yín kan sínú báàgì, kí ẹni tó bá rí i lè pè. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé mọ́ kọ́kọ́rọ́ o. Bí káàdì báńkì tàbí fóònù bá sọnù, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ sì pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tì í. Ti ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù lè tẹ̀ lé e.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kì í sọ nǹkan nù tẹ́lẹ̀ ni, tó wá ń ṣìnà ilé, ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù. Ìyẹn yàtọ̀ sí tiwa.

Kí ẹ tó dárúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé wòlíì, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ sínú àpò aṣọ tí ẹ wọ̀ lánàá, àti ti ìjẹta.

Ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé kékeré wá, a ó jọ kọ ọ́. Bírò mẹ́ta ni a ṣà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kíláàsì ìjẹrin. Ẹ wá mú méjì. Ẹ̀kẹta, tiwa ni.