Wíwọn Agbára Ẹsẹ̀ Àgbà Tí Iyè Rẹ̀ Ti Ń Ra

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí a máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín. Kò sí àdúgbò tí irú wọn kò sí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Bàbá kan á jẹ iyán tán, á tún béèrè pé ṣé wọn kò ní í fún òun lóúnjẹ ni. Ìyá mìíràn á jí lóru, á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé bàbá òun tó ti kú tipẹ́. Àwọn aláìmọ̀kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá náà ní àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọmọ Èkìtì wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn tó tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí désàlẹ̀ ìkòkò. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iyè àwọn tó ti tó ẹni ọdún 65 wò ní àdúgbò Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Àbọ̀ tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, ẹni 1 àti díẹ̀ ni àìsàn náà ń mú lọ́dún n'Ìbàdàn. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó lé ní 3. Èyí tó wù mí jù ni pé wọ́n ṣètò ìbéèrè wọn lọ́nà tí ẹni tí kò mọ̀wé fi lè dáhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ka ẹni tí kò rí ilé-ìwé lọ mọ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ra.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú wíwọn agbára ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníṣègùn máa ń fẹ́ kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣe eré ìdárayá: kó máa rìn, kó máa dìde, kó máa jókòó. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣe é láǹfààní, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti ń lò láti 1991. Àgbà á jókòó lórí àga alápá. Á dìde, á rin mítà 3, bí ẹsẹ̀ bàtà 10, á yí padà, á wá jókòó. Aago á máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá lò tó 12, ó yẹ kí á máa ṣọ́ ọ kó má baà ṣubú.

Ó rọrùn, àbí? Ẹ wá wo bàbá tí iyè rẹ̀ ti ra. Ó dìde dáadáa, ó rìn dé ibi ilà, ó wá dúró síbẹ̀, ó ń wo ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ. Ó ti gbàgbé ohun tí a ní kó ṣe. Aago kò dúró dè é. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lo 40, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, wọ́n á sì tì í mọ́ yàrá. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe é níṣojú rẹ̀ kó rí i. Ẹ sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "Bàbá, ẹ dìde." Nígbà tó bá dìde tán: "Ẹ máa bọ̀ níbí." Ẹ fi èdè Èkìtì tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà sọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá tíṣà. Ẹ tẹ́ aṣọ pupa síbi tí yóò ti yí padà. Kí àgbàlagbà kan máa rìn tẹ̀lé e díẹ̀ lẹ́yìn, kó má fà á; ọmọ ilé-ìwé lè di aago mú. Àga kan náà ni kí ẹ lò, ní àkókò kan náà, kí ó sì ti sinmi.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní kí irú àwọn àgbà yìí 51 ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá 4 lè wà láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára ẹni náà. Bí ìyá bá lo 20 lóṣù tó kọjá, tó lo 22 lónìí, ẹ má ì tíì sunkún. Bó sì lo 18, ẹ má ì tíì pe onílù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta eré ìdárayá fún yín bí oògùn ìgbàgbé. Ní England, wọ́n fi àwọn aláìsàn yìí 494 wádìí rẹ̀, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2018. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá fún oṣù 4 rìn jìnnà sí i láàrin ìṣẹ́jú 6, ṣùgbọ́n iyè wọn kò sàn sí i. Síbẹ̀, lójú tèmi, kí ìyá ẹni lè dìde lórí àga fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Bí ẹ bá ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ n'Ídòó, tàbí èyí tó sún mọ́ yín, ẹ mú ìwé ìdánwò náà dání. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ rán an létí, àti bóyá ẹnikẹ́ni dì í mú.